Kọ̀ǹpútà àti skánà fún iṣẹ́ fọ́tò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Owó tó wà lọ́wọ́ kò pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ná an lé lórí?

Skánà àti mọ́nítọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ná gbogbo owó tán sórí kọ̀ǹpútà alágbára, tí wọ́n á wá fi ṣẹ́ńjì tó kù ra skánà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí skánà kò bá rí lára fọ́tò, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè mú un jáde lẹ́yìn náà. Bí mọ́nítọ̀ bá sì ń parọ́ àwọ̀ fún ojú yín, ẹ ó máa tún fọ́tò ṣe títí ẹ ó fi bà á jẹ́. Ní ti kọ̀ǹpútà tó lọ́ra díẹ̀, àkókò nìkan ló ń gbà. Fọ́tò tó máa jáde nínú rẹ̀ kò burú ju ti èyí tó yára lọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀rọ wò rárá, ẹ kó àwọn fọ́tò yín sílẹ̀ kí ẹ kà wọ́n. Mélòó ló wà lórí pépà? Mélòó ni négátíìfù (fíìmù tí àwọ̀ rẹ̀ yí sódì)? Ṣé sláìdì (fíìmù tí àwọ̀ rẹ̀ bá ojú mu) wà nínú wọn? Èwo ló tóbi jù, kí sì ni ìwọ̀n rẹ̀? Ẹni tó ní fọ́tò orí pépà 400 àti ẹni tó ní négátíìfù 4,000, ẹ̀rọ wọn kò lè jọra.

Skánà pọ̀ lóríṣiríṣi. Èwo ló yẹ fún fọ́tò?

Skánà pẹlẹbẹ ni, èyí tí a ń ṣí ìdérí rẹ̀ tí a sì ń da ojú fọ́tò dé gíláàsì. Ẹ má ṣe ki fọ́tò àtijọ́ bọ inú skánà tó ń fa pépà wọlé fúnra rẹ̀. Rọ́là inú rẹ̀ máa ń tẹ fọ́tò mọ́lẹ̀ bó ṣe ń fà á lọ. Bí iyanrìn ẹyọ kan bá ti há síbẹ̀, yóò ha ojú fọ́tò náà láti òkè délẹ̀, ojú ibẹ̀ kò sì ní padà mọ́.

Nínú àwọn pẹlẹbẹ náà, ẹ wo irú ojú tí ẹ̀rọ fi ń ríran. Oríṣi méjì ló wà, CIS àti CCD. Èyí tó bá tinrin, tó fúyẹ́, tó jẹ́ pé wáyà USB nìkan ló ń gbé iná fún un, CIS ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dára fún ìwé àti fún fọ́tò tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì nìkan ló ń rí dáadáa. Fọ́tò tó ti ká kò, tàbí èyí tó ṣì lẹ̀ mọ́ ewé álúbọ́ọ̀mù, kì í kan gíláàsì tán. Ibi tó bá fi mìlímítà 2 péré gbé ara sókè, bàìbàì ni yóò jáde. CCD ní tirẹ̀ ní dígí àti lẹ́ńsì nínú. Ìdí nìyẹn tó fi ga, tó wúwo, tó sì sábà máa ń ní wáyà iná tirẹ̀. Ó ń ríran kọjá ojú gíláàsì díẹ̀, nítorí náà fọ́tò tó ká ṣì máa ń jáde kedere. Fún fọ́tò ìdílé tó ti pẹ́, CCD ni kí ẹ rà, kódà bó bá jẹ́ àlòkù tó ṣì mọ́ inú.

dpi mélòó ni mo nílò?

dpi ni iye àmì tí skánà ń kà nínú íǹṣì kan. Fún fọ́tò orí pépà, 600 dpi. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ tún un tẹ̀ ní ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀, 300 tó. 600 yóò jẹ́ kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ìrísí pépà fúnra rẹ̀ lẹ ń sọ di ńlá, nítorí pé fọ́tò orí pépà kì í sábà ní ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú. Fọ́tò pélébé, irú ti pásípọ́ọ̀tù, nìkan ni a máa ń gbé dé 1200, torí pé ẹni tó ń tún un ṣe sábà máa ń fẹ́ kó tóbi gan-an.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fọ́tò íǹṣì 4 sí 6, ní 600 dpi, yóò jẹ́ píkísẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 2,400 sí 3,600, ìyẹn mílíọ̀nù 8.64. Ní bit 8 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan (bit ló ń sọ bí ìpele àwọ̀ ṣe pọ̀ tó), fáìlì rẹ̀ á tó MB 26. Ní bit 16, á di MB 52. Bí ẹ bá sọ dpi di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni fáìlì yóò di, kì í ṣe méjì: MB 52 yẹn á di MB 207. Ibi yìí ni àwọn tó sọ pé "mo kàn gbé gbogbo rẹ̀ sókè pátá" ti ń kún díìsìkì wọn láìrí èrè kan.

Wọ́n kọ "9600 dpi" sára páálí skánà mi. Ṣé òótọ́ ni?

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà méjì, irú bíi 4800 × 9600, èyí tó kéré ló ní í ṣe pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ náà; èyí tó pọ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ mọ́tò tó ń fà á lọ. Nọ́ńbà tó bá tún kọjá ìwọ̀nyẹn, sọ́fítíwíà ló ń méfò rẹ̀. Òótọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: lẹ́ńsì skánà pẹlẹbẹ kì í sábà lè dé ibi tí wọ́n kọ. Bí a bá fi fíìmù dán an wò, ohun tó ń rí ní tòótọ́ sábà máa ń wà ní ìdajì nọ́ńbà náà tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. Fún fọ́tò orí pépà, kò pa yín lára, nítorí 600 péré lẹ nílò. Fún négátíìfù, ó ṣe pàtàkì gan-an.

Négátíìfù àti sláìdì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú fíìmù kọjá. Skánà tí kò bá ní iná nínú ìdérí rẹ̀ kò lè ṣe é, bó ti wù kó dára tó. Fíìmù 35 mm náà kéré: fọ́tò kan lórí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 24 sí 36. Ní 600 dpi, píkísẹ́lì 567 sí 850 péré lẹ máa rí, kò tó tẹ̀ lórí pépà ńlá kankan. Ní 4000 dpi, á di 3,780 sí 5,669, nǹkan bíi mílíọ̀nù 21. Bí négátíìfù 35 mm bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, skánà tí wọ́n ṣe fún fíìmù nìkan ló tọ́. Bó bá jẹ́ fíìmù ńlá, irú 6 × 6 sẹ̀ǹtímítà, skánà pẹlẹbẹ tó ní iná nínú ìdérí máa ń ṣe é dáadáa.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Dmax, ìyẹn bí skánà ṣe lè ríran wọnú òkùnkùn tó. Ibi tó dúdú jù lórí fọ́tò pépà jẹ́ nǹkan bíi 2. Ti sláìdì lè kọjá 3.5. Ìṣísẹ̀ 1 kan níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 10 ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, skánà tí Dmax rẹ̀ kéré yóò sọ irun dúdú àti aṣọ dúdú inú sláìdì di àbàwọ́n dúdú kan ṣoṣo.

Àwọn skánà fíìmù kan ní iná infrared, tí ojú kò lè rí, tó ń wá eruku kiri. Àwọ̀ inú fíìmù kálà máa ń jẹ́ kí iná yìí kọjá, eruku kì í jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀rọ á wá mọ ibi tí eruku wà, á sì dí i. Iṣẹ́ wákàtí gbọọrọ ló ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pa á bí ẹ bá fi fíìmù dúdú-àti-funfun ti àtijọ́ sí i. Fàdákà ló ya àwòrán inú fíìmù yẹn, fàdákà sì ń dí infrared gẹ́gẹ́ bí eruku ṣe ń ṣe, nítorí náà ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú àti irun èèyàn rẹ́. Kodachrome, irú fíìmù sláìdì kan, náà máa ń dà á láàmú.

Ṣé mo lè fi kámẹ́rà ṣe é dípò skánà?

Ẹ lè ṣe é, ó sì yára gan-an: ẹni tó bá ti tò ó dáadáa lè parí fíìmù odindi kan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ nílò lẹ́ńsì macro (ti yíya ohun kékeré nítòsí) tó lè dé 1:1, ìdúró tí kì í mì, àti iná funfun tí CRI rẹ̀ (ìwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí) tó 95. Ẹ sẹ́tì kámẹ́rà sí ISO 100 àti f/8, kí ẹ sì fi tàímà kámẹ́rà yà á, kí ìka yín má baà mì ín.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí kámẹ́rà máà dojú kọ fíìmù tààrà. Apá kan á mú, igun kejì á ṣú. Ẹ gbé dígí kékeré kan sí ibi tí fíìmù máa wà gan-an, kí ẹ wo inú kámẹ́rà. Ẹ ó rí lẹ́ńsì tí ń wo ara rẹ̀. Ẹ máa yí kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ títí ihò dúdú lẹ́ńsì náà yóò fi bọ́ sí àárín gbùngbùn àwòrán, lẹ́yìn náà ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀ pa. Ó ti tọ́ nìyẹn.

Bit 8 tàbí bit 16?

Fọ́tò tó ṣì dára, bit 8 tó. Fíìmù àti fọ́tò tó ti ṣí, bit 16. Ìdí rẹ̀ nìyí: bit 8 ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bit 16 ní 65,536. Nínú fọ́tò kálà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó lè jẹ́ pé nǹkan bí ìpele 60 péré ni apá kan àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń lò. Nígbà tí ẹ bá na 60 yẹn kó lè kún 256, àlàfo á là sáàárín wọn, ẹ ó sì rí i ní ojú ọ̀run àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn bí ìlà ìlà. Ní bit 16, àlàfo náà kò ní hàn.

TIFF, irú fáìlì tí kì í pàdánù nǹkan, ni kí ẹ fi pamọ́. JPEG wà fún ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún JPEG fi pamọ́ ló ń pàdánù nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ dín TIFF bit 16 kù, ẹ yan ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó ń jẹ́ ZIP. Èyí tó ń jẹ́ LZW sábà máa ń sọ ọ́ di ńlá ni.

RAM mélòó?

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí. GB 16 ni ìpìlẹ̀, GB 32 ni ìtura. Fọ́tò íǹṣì 8 sí 10 ní 600 dpi, bit 16, jẹ́ MB 173. Bí ẹ bá fi layer mẹ́ta tó kún (ẹ̀dà àwòrán tí a tò lé orí ara wọn) lé e, ó ti kọjá MB 690, kí Photoshop tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ohun tí ẹ ṣe mọ́ kí ẹ lè padà sẹ́yìn. Nígbà tí RAM bá kún, díìsìkì ló máa ń gba iṣẹ́ náà. Ẹ ó mọ̀: búrọ́ọ̀ṣì á máa tẹ̀ lé ọwọ́ yín pẹ̀lú ìdádúró, iná díìsìkì kò sì ní kú.

Ẹ ra méjì tó dọ́gba, 8 àti 8 tàbí 16 àti 16, dípò ẹyọ kan ńlá, torí pé kọ̀ǹpútà máa ń bá méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó bóyá wọ́n jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá jó o mọ́ ọn, ohun tí ẹ rà lónìí lẹ máa lò títí dópin.

Prósẹ́sọ̀ àti káàdì àwòrán ńkọ́?

Prósẹ́sọ̀ tó ní core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣírò nínú rẹ̀) 6 sí 8, tí kò tíì pẹ́ jù, ti tó. Iṣẹ́ fọ́tò fẹ́ kí core kọ̀ọ̀kan yára ju kí wọ́n pọ̀ lọ. Káàdì àwòrán tó wà nínú prósẹ́sọ̀ tó fún gígé, àwọ̀ àti pípa àbàwọ́n rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo àwọn irinṣẹ́ AI tó ń yọ hóró (noise) kúrò tàbí tó ń sọ fọ́tò di ńlá, ìgbà yẹn ni káàdì tó ní GB 8 tirẹ̀ máa sọ ìṣẹ́jú di ìṣẹ́jú-àáyá. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ fi owó náà kún ti mọ́nítọ̀.

Díìsìkì wo?

SSD, díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yípo nínú, fún ètò kọ̀ǹpútà àti fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Hard disk oníyípo fún ibi ìpamọ́. Hard disk ń ka nǹkan bíi MB 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá, SSD oní-SATA tó MB 550, NVMe, irú SSD tó yára jù ú lọ, sì lè kọjá MB 3,000. Ẹni tó ti ń lo hard disk bọ̀ máa rí ìyàtọ̀ ńlá bó bá bọ́ sí SSD èyíkéyìí. Láti SATA sí NVMe kò tó bẹ́ẹ̀ lójú. Ẹ má jẹ́ kí SSD kún bámúbámú, ẹ fi bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Fọ́tò 1,000 tó jẹ́ MB 52 kọ̀ọ̀kan jẹ́ GB 52. Kò pọ̀. Ẹ̀dà ló yẹ kí ẹ ṣírò owó fún: ẹ̀dà 3 lápapọ̀, lórí oríṣi ibi ìpamọ́ 2, kí 1 nínú wọn máà sí nínú ilé kan náà. Díìsìkì méjì tó wà nínú kọ̀ǹpútà kan kì í ṣe ẹ̀dà méjì, torí pé olè kan tàbí iná kan ló máa kó méjèèjì lọ. Ojúlówó fọ́tò tí ẹ skáàn náà sì lè ti ṣí tán kí ẹ tó padà sídìí rẹ̀.

Mọ́nítọ̀ wo ló dára, báwo ni mo sì ṣe máa sẹ́tì rẹ̀?

IPS, irú skríìnì tí àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà yí padà bí orí ṣe ń lọ, íǹṣì 24 tàbí 27. Fún íǹṣì 27, 2560 × 1440 ló bá a mu. Ẹ má ra TN, irú skríìnì mìíràn, fún iṣẹ́ yìí: ṣí fọ́tò kan sójú rẹ̀, kí o gbé orí sókè sódò, wàá rí i pé awọ ara ẹni tó wà nínú fọ́tò ń yí padà bí orí rẹ ṣe ń lọ. Kí mọ́nítọ̀ náà kún sRGB (àkójọ àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò) tán. Adobe RGB, àkójọ tó gbòòrò jù ú lọ, wúlò fún ẹni tó ń tẹ̀ jáde lórí ẹ̀rọ inkjet tó dáńgájíá. Ẹlòmíràn kò nílò rẹ̀, ó tiẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀ bí sọ́fítíwíà kan kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Fọ́tò tí mo tẹ̀ jáde ṣókùnkùn" ni ẹjọ́ tí a ń gbọ́ jù lọ. Ìtẹ̀wé kọ́ ló jẹ̀bi. Mọ́nítọ̀ máa ń tàn yòò láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, àwa náà á wá máa fa fọ́tò sísàlẹ̀ kí ojú lè gbà á. Ẹ mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá sí cd/m² (ẹyọ tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ skríìnì) 80 sí 120, kí funfun jẹ́ 6500 K, kí gamma jẹ́ 2.2. Ojú lásán kò lè wọn èyí. Kọlọ́rímítà, ẹ̀rọ kékeré tí a ń gbé kọ́ iwájú skríìnì, ló ń wọ̀n ọ́n. Ẹ tan mọ́nítọ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa ṣe é lóṣooṣù. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń yí ìmọ́lẹ̀ tàbí àwọ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá èyí tó ń pọ́n skríìnì lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn tàn sí i.

Mo rí skánà àtijọ́ kan tó dára, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣé kí n rà á?

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ USB, ìdènà àkọ́kọ́ kò sí. Bó bá jẹ́ SCSI tàbí FireWire, irú ihò àtijọ́, káàdì àti wáyà tí ẹ máa wá kiri lè gbà ju owó skánà fúnra rẹ̀ lọ. Dráífà, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá skánà sọ̀rọ̀, ni ìdènà kejì: ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà lè má ṣe dráífà tuntun fún un mọ́. Sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ VueScan máa ń bá ọ̀pọ̀ skánà àtijọ́ ṣiṣẹ́, SANE náà sì wà lórí Linux. Ẹ wá orúkọ skánà náà gan-an nínú àkójọ wọn, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé títì tó wà lábẹ́ tàbí ní ẹ̀gbẹ́ àwọn skánà CCD kan. Bí ẹ kò bá ṣí i, ẹ̀rọ á máa dún gbàrà-gbàrà láìlọ síbì kankan. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e rìn, ẹ tì í padà.

Kí ló ń fa ìlà gbọọrọ, òrùka aláwọ̀ àti àmì tó-tò-tó lórí fọ́tò tí mo skáàn?

Ìlà tó gùn tọ́ láti òkè délẹ̀, tó wà níbì kan náà lórí gbogbo fọ́tò: eruku ló bà lé ibi funfun tí skánà ń wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní orí gíláàsì. Píkísẹ́lì kan ti gba ìwọ̀n èké, ó sì ń fa èké náà lọ bó ṣe ń rìn. Ẹ nu ibẹ̀. Sórí aṣọ ni kí ẹ fọ́n oògùn ìnugíláàsì sí, kì í ṣe sójú gíláàsì, torí pé omi máa ń gba etí rẹ̀ wọlé.

Òrùka aláwọ̀ bí epo lójú omi ni wọ́n ń pè ní òrùka Newton: fíìmù fara kan gíláàsì láìlẹ̀ mọ́ ọn tán. Ẹ lo férémù tó ń gbé fíìmù sókè, tàbí gíláàsì tí ojú rẹ̀ kò dán.

Àmì tó-tò-tó máa ń wá láti inú àwòrán ìwé ìròyìn, torí pé àmì kéékèèké ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ tan descreen, ètò tó ń pa àmì náà rẹ́, inú sọ́fítíwíà skánà. Fún fọ́tò tí pépà rẹ̀ rí bí afárá oyin, ẹ skáàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yí orí fọ́tò náà sí ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà nígbà kejì, kí ẹ wá pa méjèèjì pọ̀. Òjìji ojú pépà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn.

Skánà ń já kúrò lórí kọ̀ǹpútà láàárín iṣẹ́.

Ẹ yọ ọ́ kúrò lára hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀), kí ẹ kì í bọ ihò USB tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kí wáyà rẹ̀ má ju mítà 2 lọ. Bó bá ṣì ń já, ẹ pa ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba iná kúrò lára USB láti dín iná kù. Ní ibi tí iná ti ń lọ tí ń bọ̀, ẹ fi UPS sáàárín, kọ̀ǹpútà àti skánà pọ̀. Fáìlì tí iná bá bá lójú ọ̀nà kì í sábà ṣí mọ́.

Mo ti ra skánà tuntun. Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kí àkókò dídá a padà tó kọjá?

Ẹ skáàn pépà funfun kan ní 600 dpi, kí ẹ fa contrast rẹ̀ sókè gan-an: ìlà, àbàwọ́n àti igun tó ṣókùnkùn á yọjú. Ẹ gbé rúlà sí i ní ìbú, lẹ́yìn náà ní òró, kí ẹ ka píkísẹ́lì tó wà nínú íǹṣì kan. Ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ 600 lọ́nà méjèèjì. Ẹ wá mú fọ́tò kan tí ojú rẹ̀ mú, ẹ skáàn án ní àárín gíláàsì àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wo ìpéǹpéjú ẹni tó wà nínú rẹ̀ ní 100%. Bí irun ìpéǹpéjú bá ṣeé kà ní àárín, tó sì di òjìji ní igun kan, ẹ dá a padà.